Twins Seven-Seven: Ọmọ Ògìdì tó fi pákó àti tàdáwà pa àlọ́ ẹranko fún gbogbo ayé

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ wọ ilẹ̀ Àkókó, tó kọjá Ọ̀bà, tó gun òkè dé Ọ̀ka, tó sì gba Àkùngbá já sí Ìkàrẹ́, àpáta ni yóò máa wò lọ́tùn-ún lósì. Láyé àtijọ́, kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ àwọn àpáta wọ̀nyí tí kò gbọ́ pé nǹkan kan ń gbé inú wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí oúnjẹ alẹ́ bá ti tán nínú àwo, àwọn àgbà a jókòó síta, àwọn ọmọ a yí wọn ká, àlọ́ a sì bẹ̀rẹ̀. Ìjàpá, tí àwọn kan ń pè ní Ahun tàbí Alábahun, a fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tan Erin jókòó sórí ìtẹ́ tí kòtò wà lábẹ́ rẹ̀. Ajá a gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sọ́run nígbà tí ìyàn mú, okùn ni yóò sì máa gùn lọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí oorun fẹ́ gbé kò ní gbà fún oorun títí tí wọn yóò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ sì tún mọ̀ pé ìjókòó alẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ gba apá kan nínú rẹ̀, fóònù alágbèéká ló wá kó èyí tó kù lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀ka tó ń gbé Èkó tàbí Abújá kò lè pa àlọ́ kan ṣoṣo délẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn ọkùnrin kan wá fún yín lónìí. Ìgbèríko tí kò jìnnà sí Àkókó ni wọ́n bí i sí. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, síbẹ̀ ó gbé ẹranko inú àlọ́ kúrò lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, ó gbé e sórí pákó, ó sì rán an lọ sí Paris àti Amẹ́ríkà. Twins Seven-Seven ni gbogbo ayé mọ ọn sí.

Ọdún 1944 ni wọ́n bí i ní Ògìdì. Kí ẹ má ṣì wá gbọ́ o, Ògìdì la wí, kì í ṣe Àrígìdì tó wà lẹ́bàá Ìkàrẹ́. Ilẹ̀ Ìjùmú ni Ògìdì wà, ní ìhà Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí òde òní. Nígbà tí wọ́n bí i, àwọn òyìnbó tó ń ṣèjọba ti fa ààlà sáàrin, wọ́n fi Àkókó sí abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì fi Ìjùmú sí abẹ́ Àríwá. Ààlà ìwé ni ìyẹn. Àwọn ènìyàn ń ná ọjà ara wọn, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, Ìjàpá náà sì ń rìn káàkiri láàrin wọn bó ṣe wù ú.

Táíwò Ọláníyì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọmọ Ògìdì ni ìyá rẹ̀. Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀ ti wá, láti ìdílé Ọ̀ṣuntókí, ẹni tó jẹ Baálẹ̀ Ìbàdàn láti 1895 sí 1897. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pè é ní Ọmọọba. Orúkọ kejì tó wá borí èyí tí òbí fún un kò ṣẹ̀yìn ìbànújẹ́. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, ìbejì méje ni ìyá rẹ̀ bí tẹ̀léra tẹ̀léra, òun nìkan ló sì kù láyé nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá mọ ohun tí àbíkú ń fi ojú ìyá rí nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ àpárá ni Seven-Seven. Ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru kó má baà padà lọ ni Táíwò. Ó dàgbà pẹ̀lú èrò pé òun mọ ọ̀nà tó lọ sí ibi tí àwọn yòókù wà, èrò yìí kò sì kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí tó fi kú.

Ijó ló kọ́kọ́ mú un rin ìrìn àjò. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ó bá àwọn tó ń ta oògùn kiri ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà rántí irú wọn dáadáa. Wọ́n á dúró láàrin ọjà, ìlù á máa dún, oníjó á máa jó kí èrò lè péjọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni olóògùn yóò tú àpò rẹ̀. Oníjó náà ni Táíwò. Iṣẹ́ yìí ló gbé e dé Òṣogbo ní 1964, tó sì yọjú síbi àríyá kan ní Mbárí Mbáyọ̀.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ibi tí à ń pè ní Mbárí Mbáyọ̀. Ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀, olórí òṣèré tó gbé eré Ọba Kò So jáde, ni tẹ́lẹ̀. Ní 1962, òun àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì kan tó ti wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn láti 1950, sọ ibẹ̀ di ojúkò eré àti iṣẹ́ ọnà. Georgina, ìyàwó Beier, tó jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní 1964, ó fún wọn ní ọ̀dà, bébà àti irinṣẹ́, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe ohun tó wà lọ́kàn wọn. Kò sọ fún wọn pé kí wọ́n ya ohun tí òyìnbó ń yà.

Àwọn wo ló wà níbẹ̀? Kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé. Jímọ̀h Búráímọ̀h ló ń tan iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀. Rufus Ògúndélé àti Múráínà Oyèlámì náà wà níbẹ̀. Ní ìlú Òṣogbo kan náà, Àṣírù Ọlátúndé tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ń fi òòlù lu bàbà àti alumíníọ̀mù títí tí igi, ẹyẹ àti ẹranko fi yọ jáde lára wọn. Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà, bẹ̀rẹ̀ láti ibi ère ẹranko onísìmẹ́ǹtì, irú kìnnìún tí àwọn ènìyàn máa ń rí lórí ilé tí wọ́n kọ́ bíi ti àwọn Àgùdà. Ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Ohun kan tí gbogbo wọn mú wá láti ilé ni ìtàn tí wọ́n ti gbọ́.

Beier rí oníjó yìí, ó rí i pé kò sí ẹni tó dà bí i rẹ̀, ó sì ní kó dúró. Nígbà tí wọ́n fún un ní bébà àti gègé, kíá ni ó hàn pé ọwọ́ rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Àwọn yòókù ń fi ọ̀dà ya nǹkan ńlá ńlá. Táíwò ń fi ẹnu gègé fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì ní fi àyè kankan sílẹ̀ lófo. Georgina kọ́ ọ ní iṣẹ́ títẹ àwòrán láti ara irin. Wọ́n á fi nǹkan bo ojú irin pẹlẹbẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sí i, wọ́n á kì í bọ omi kíkan tó ń jẹ irin, ibi tí abẹ́rẹ́ ti ha nìkan ni omi náà yóò jẹ wọlé. Bí wọ́n bá ti wá fi tàdáwà pa á, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1964 yẹn ni èyí tó pè ní Ajá Èṣù. Ajá náà kì í ṣe ajá tí à ń rí lójúde. Àwọ̀ rẹ̀ kún fún ọnà láti orí dé ẹsẹ̀, ẹni tó bá wò ó kò ní mọ̀ bóyá ẹranko ni tàbí iwin.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àlọ́ ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ya àwòrán Ìjàpá sínú ìwé kíkà àwọn ọmọ iléèwé. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ìtàn ni, bí ìtàn bá ní Ìjàpá gun igi, wọ́n á ya Ìjàpá lórí igi. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn agbẹ́gilére ayé àtijọ́ ti ń gbẹ́ ejò tó ń gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì sára ilẹ̀kùn ààfin, tí àwọn tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ sì ń fi ẹyẹ sórí adé ọba. Twins Seven-Seven kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ya àlọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ọ̀nà tí àgbà fi ń pa àlọ́, ó fi ya àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó wò. Apàlọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ wọlé. Bí ọ̀rọ̀ bá sinmi, orin á gbà á, bí orin bá sinmi, àwọn ọmọ á gbè é. Nínú àwòrán ọkùnrin yìí, kò sí ibi tó ṣófo. Ibi tí ara ẹranko bá parí sí, ewé ló bẹ̀rẹ̀, ibi tí ewé bá parí sí, ojú kan ló ń wò ọ́. Àlọ́ sì máa ń bí àlọ́. Ẹ óò rí ẹja nínú ikùn ẹyẹ lára àwòrán rẹ̀, ẹ óò rí ènìyàn nínú ẹja, ẹ óò sì rí ejò tó ní orí ènìyàn. Nínú àlọ́, ẹranko ń sọ̀rọ̀, ó ń fẹ́ ìyàwó, ó ń jẹ gbèsè, a kì í sì béèrè bó ṣe ṣe é. Nínú àwòrán Twins náà, ààlà kò sí láàrin ènìyàn àti ẹranko. Ohun tí etí ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ ló wá fi han ojú.

Ní 1967, ó ṣe iṣẹ́ kan tó pe orúkọ rẹ̀ gùn bí ẹni ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Ó dá lórí àwọn ọdẹ tó ya ọ̀lẹ àti àwọn oníjàkadì olóró, aláǹgbá, iwin àti ọká. Ẹni tó gbọ́ orúkọ yẹn yóò fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán kò ní sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àwọn ènìyàn máa ń fi í wé Ámọ́sì Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ ìwé nípa ọ̀mu ẹmu ní 1952 àti nípa igbó àwọn iwin ní 1954. Ìfiwéra yẹn bọ́gbọ́n mu, nítorí odò kan náà làwọn méjèèjì ti pọnmi.

Nígbà tó yá, ó kúrò lórí bébà, ó bọ́ sórí pákó pẹlẹbẹ tí àwọn káfíńtà ń pè ní plywood. Yóò ya àwòrán sórí rẹ̀, yóò gé e tẹ̀ lé ìlà àwòrán, yóò sì lẹ ọ̀kan mọ́ orí èkejì títí tí ẹranko inú rẹ̀ yóò fi yọrí síta bí ère. Lẹ́yìn náà ni yóò fi tàdáwà àti ọ̀dà parí rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àwòrán lásán, kì í sì í ṣe ère lásán. Òun ló dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Beier àti Georgina kúrò ní Nàìjíríà kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1967. Àwọn tó ń fojú kékeré wo àwọn ọmọ Òṣogbo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí. Kò parí. Twins ń yàwòrán, ó ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀, ó ń jó, ó sì di ìlú mọ̀ọ́ká. Àwọn kan tó kàwé nípa iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ará Òṣogbo, wọ́n ní ohun tí òyìnbó fẹ́ rà ni wọ́n ń ṣe. Òótọ́ ni pé òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ajá, ọká àti iwin inú àwòrán Twins, tó sì gbọ́ àlọ́ nígbà èwe rẹ̀, yóò mọ̀ pé òyìnbó kọ́ ló kọ́ ọ ní ìyẹn.

A kò ní fi apá kan pamọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Ó fẹ́ ìyàwó púpọ̀, ilé rẹ̀ kò sì fi gbogbo ìgbà ní àlàáfíà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà ni Nike, ọmọ Ògìdì bíi tirẹ̀, tí wọ́n bí ní 1951. Ó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé ojú òun rí màbo nínú ìgbéyàwó náà. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ aró àti àdìrẹ, ó sì tún dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Ògìdì ìlú wọn. Bí a bá ń yin ọkùnrin yìí nítorí pé ó gbé àlọ́ dé òkè òkun, ó yẹ kí a ka obìnrin náà mọ́ àwọn tó gbé iṣẹ́ ọnà padà wá sílé.

Ní 1989, wọ́n pe Twins sí ìpàtẹ ńlá kan ní Paris, Magiciens de la Terre, níbi tí wọ́n ti kó iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà láti gbogbo ìhà ayé jọ sójú kan. Ọmọ tí àwọn olóògùn ń gbé kiri ọjà wá di ẹni tí wọ́n ń pa orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ìlúmọ̀ọ́ká Yúróòpù.

Ṣùgbọ́n òkìkí kì í ṣe owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí a wà yìí, ó wà ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, nǹkan kò sì ṣẹnuure fún un rárá. Ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ńlá ń bá àwọn ènìyàn ṣọ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí níwájú ilé ìtajà kan. Nígbà tí ẹni tó ni ilé ìtajà náà wá mọ ẹni tó gbà síṣẹ́, ó fún un ní àyè láti máa yàwòrán. Ibẹ̀ ló ti tún gbéra sọ. Nínú àlọ́, a mọ̀ pé ọmọ ọba máa ń dà bí ẹrú ní ìlú àjèjì kí àṣírí tó tú. Ti Ọmọọba Ìbàdàn yìí ṣẹlẹ̀ lójú ayé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, àjọ UNESCO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi í joyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà ní Paris. Nínú ọdún kan náà ni àjọ yìí kan náà kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú ìwé ogún gbogbo ayé, igbó tí Susanne Wenger, tí à ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn bíríkìlà bí Adébísí Àkànjí ti fi ère sìmẹ́ǹtì tún ṣe. Ọdún tó dára fún Òṣogbo ni.

Twins padà wá sílé. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló dá a dúbúlẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ló sì kú sí ní ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, ọdún 2011, lẹ́ni ọdún 67. Oṣù méjì péré ṣáájú rẹ̀ ni Ulli Beier, tó ní kó dúró ní 1964, kú ní Australia.

Níbo ni àwọn àwòrán náà wà báyìí? Púpọ̀ nínú wọn wà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn kan wà lọ́wọ́ olówó, àwọn kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Iwalewahaus, ilé tí Beier dá sílẹ̀ ní Bayreuth ní Jámánì ní 1981, kó iṣẹ́ Òṣogbo pamọ́ dáadáa. Ọmọ Jámánì lè wọ ọkọ̀ lọ wò wọ́n. Ọmọ Ọ̀ka tí ìyá ìyá rẹ̀ mọ àlọ́ tí wọ́n ti jáde kò lè rí wọn, àfi lórí fóònù.

Ohun tó yẹ kó ká wa lára nìyí. A kò lè dá àwọn àwòrán náà padà lónìí. Ṣùgbọ́n orísun tí ọkùnrin náà ti pọn wọ́n kò tíì gbẹ, ọwọ́ yín ló wà, ẹ̀yin àgbà. Lọ́jọ́ tí àgbà kan bá kú ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀ka láìpa àlọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a lè lọ wá a sí. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Àkùngbá, láàrin ìlú méjèèjì yìí, fóònù sì wà lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Fóònù tó pa ìjókòó alẹ́ run yìí kan náà lè gba ohùn àgbà sílẹ̀, bí ẹnìkan bá lè béèrè.

Bí àwọn ọmọ-ọmọ bá dé fún ọdún Àjíǹde tàbí Iléyá, ẹ pè wọ́n jókòó. Ẹ pa àlọ́ kan fún wọn délẹ̀, kí ẹ sì kọ orin rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní bébà àti pẹ́ńsù, ẹ ní kí wọ́n ya Ìjàpá bí wọ́n ṣe rí i lọ́kàn wọn. Bí ọmọ kan bá ya Ìjàpá lórí ọ̀kadà, tàbí tó fi fóònù sí i létí, ẹ má ṣe bá a wí. Ọmọ Ògìdì kan ya ajá tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, Georgina kò sì ní kó pa á rẹ́. Àwòrán tí gbogbo ayé wá wò nìyẹn.